Kì í Ṣe Àwọn JSS1 Ló Lo Omi Tán

Èrò tèmi ni pé kí á má ṣe dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi mọ́ lórí omi táǹkì, àfi tí a bá ya gíráàfù rẹ̀ bó ṣe yẹ. Èmi fúnra mi ti ṣe àṣìṣe náà.

Gbogbo wa la mọ bí omi ṣe máa ń wọ́n ní Runjin Sambo níbí nígbà ooru. Lọ́jọ́ kan, táǹkì ti gbẹ kí wọ́n tó tan pọ́ǹpù ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n máa ka garawa. Ní gbogbo ààbọ̀ wákàtí, mo ń yọ èyí tí wọ́n pọn kúrò nínú 40 garawa tí pọ́ǹpù ń dà sínú táǹkì. Ohun tí mo kọ nìyí: 40, 35, 20, 10. Àwọn JSS1 dé ní agogo márùn-ún, ìyẹn nígbà tó di 20. Nígbà tó di agogo méje, omi ti tán. Wọ́n bi mí pé ta ló fà á. Mo ní àwọn JSS1 ni, ṣebí àtìgbà tí wọ́n ti dé ni nǹkan ti ń lọ sílẹ̀. Wọ́n gé koríko títí ọwọ́ wọn fi bó.

Ní prep, bọ̀dá kan tó ń ṣe Further Maths ní SS3 rí ìwé mi. Ó ní, “Àbúrò, gíráàfù omi kọ́ lo yà yìí o. Gíráàfù bí omi ṣe ń yí padà ni. Ohun tí àwa ń pè ní derivative nìyẹn.” Ó wá bi mí pé: “Tí wọ́n fún ẹ ní 500 náírà lánàá, tí wọ́n fún ẹ ní 200 lónìí, ṣé owó àpò ẹ dín kù ni?” Mo ní rárá o, ó lé sí i ni. Ó ní, “Ó dáa, lọ tún un yà.”

Mo tún un yà. Níwọ̀n ìgbà tí ìlà yẹn bá ṣì wà lókè òdo, omi ń gòkè ni, bí ìlà náà tilẹ̀ ń wálẹ̀. Ibi tó ti gba òdo kọjá lọ sísàlẹ̀ ni omi ti ga jù. Mo ro ó pọ̀: 40, 75, 95, 105. Agogo mẹ́fà ni táǹkì kún jù, àwọn JSS1 sì ti wà níbẹ̀ fún wákàtí kan! Lẹ́yìn mẹ́fà, 100 garawa jáde láàárín ààbọ̀ wákàtí, ó ku 45. Lẹ́yìn ìyẹn, 85 jáde, ó bá tán.

Bẹ́ẹ̀ náà ni dáàmù. Oṣù kẹjọ ni òjò máa ń pọ̀ jù ní Sókótó, síbẹ̀ oṣù kẹsàn-án ọdún 2010 ni apá kan dáàmù Goronyo ya. Bí òjò bá tilẹ̀ ti ń dín kù, tí omi tó ń wọlé bá ṣì ju èyí tó ń jáde lọ, dáàmù ṣì ń kún ni.

Ẹnìkan lè sọ pé ká ní àwọn JSS1 ò pọn rárá, omi ì bá ṣẹ́ kù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n garawa kọ̀ọ̀kan ni òfin ní ká pọn, wọn ò sì pọn ju ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ. Àwa tí a dé lẹ́yìn agogo mẹ́fà ńkọ́? Èmi pọn méjì. Ẹnikẹ́ni ò ní kí n gé koríko.

Àwọn àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Tèmi tún burú, torí èmi náà ni ẹlẹ́rìí. Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ kí á máa kọ omi tó wọlé àti èyí tó jáde sára ògiri lójoojúmọ́, kí ẹ sì fi kọ́ wa ní gíráàfù. Ẹ̀yin JSS1, ẹ má bínú sí mi.