Rọ́bà Ìtọ̀, Àwọn Nọ́ọ̀sì àti Àrùn Tí A Ń Kó Ní Ilé Ìwòsàn

Ilé ìwòsàn ni a ń gbé aláìsàn lọ kí ara rẹ̀ lè dá, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń kó àrùn tuntun níbẹ̀. Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2022 fi yé wa pé, nínú 100 aláìsàn tí a dá dúró sí ilé ìwòsàn ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀, nǹkan bí 15 ni ó ń kó irú àrùn bẹ́ẹ̀. 7 ni ní àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀. Rọ́bà tí a fi ń fa ìtọ̀, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní catheter, wà lára ọ̀nà tí àrùn náà sábà máa ń gbà wọlé.

Ní Òṣogbo àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ìdílé tí ó ti ní bàbá àgbà tí kò lè tọ̀ mọ́ kò nílò àlàyé lórí rọ́bà yìí. A tún máa ń fi í sí ara ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù àti ìyá tí a fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún. Ọ̀nà tí ó là sínú ara ni kòkòrò ń tọ̀ wọlé, ewu náà sì ń pọ̀ sí i ní gbogbo ọjọ́ tí rọ́bà bá fi wà níbẹ̀. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ kí a tó fọwọ́ kàn án àti lẹ́yìn rẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ máa tú ojú ìsopọ̀ rẹ̀. Ọ̀rá tí ìtọ̀ ń dà sí gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ikùn aláìsàn lọ, láìkan ilẹ̀. A sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ ní kété tí kò bá wúlò mọ́.

Kò sí nọ́ọ̀sì tí ó gba ẹ̀kọ́ tí kò mọ nǹkan wọ̀nyí. Àárín ìmọ̀ àti ìṣe ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí omi kò bá yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, tí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ń ṣọ́ wọ́ọ̀dù lóru, tí ẹbí aláìsàn sì ní láti ra ìbọ̀wọ́ wá láti ìta, ìlànà yóò di ohun tí a ń fojú fò. Àìtó òṣìṣẹ́ yìí wà lára ohun tí ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí torí rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ ní ìparí oṣù Keje ọdún 2025. Síbẹ̀, àìní nìkan kọ́. Àwọn kan ń wọ ìbọ̀wọ́ kí àrùn má bàa ran àwọn fúnra wọn, wọ́n sì ń fi ọ̀kan náà kiri láti ibùsùn dé ibùsùn. (Ẹ wo garawa omi tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn wa ní ọdún 2020. Níbo ni ó wà báyìí?)

Èrò tí ó burú jù lójú mi ni pé “ti dókítà ni.” Dókítà ni ó ní kí a fi í sí i, nọ́ọ̀sì ń dúró kí ó ní kí a yọ ọ́, dókítà ti gbàgbé. Ní àwọn ilé ìwòsàn kan lókè òkun, ìlànà kan wà ní kíkọ tí ó fún nọ́ọ̀sì láṣẹ láti yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Irú ìgbẹ́kẹ̀lé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí Iléṣà. Ní àwọn ọdún 1950, ní Ilé Ìwòsàn Wesley Guild tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀, àti ní Ìmẹ̀sí-Ilé, Dókítà David Morley fi àyẹ̀wò àti ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 lé àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ayé kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Kí ló dé tí ẹni tí a fi ẹ̀mí ọmọ lé lọ́wọ́ nígbà náà kò fi lè béèrè lónìí bóyá rọ́bà ṣì wúlò?

Àwa náà ní ìpín tiwa. Àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ tí ń bẹ aláìsàn wò, tí wọ́n bá fẹ́ jókòó, a máa gbé ọ̀rá ìtọ̀ sórí ibùsùn, ìtọ̀ a sì ṣàn padà sínú. Ọṣẹ àti ìbọ̀wọ́ ì bá wúlò ju ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ń kó lọ. Ẹbí lè fi ọ̀wọ̀ béèrè pé, “Ẹ jọ̀wọ́ mà, ṣé bàbá wa ṣì nílò rọ́bà yìí?” Ẹ̀yin àlùfáà tí ẹ ń gbé ọwọ́ lé aláìsàn láti ibùsùn kan dé èkejì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fọ ọwọ́ yín láàárín wọn.