Ta ló ni ẹ̀kọ àdìrẹ?

Bí ẹnìkan bá gbé ìwé-ẹ̀rí ìhùmọ̀ wá sí Osi tàbí Iloffa lọ́la, tó ní òun lòun kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ̀kọ láfún kì í jẹ́ kí aró mu aṣọ, ẹ má tètè sanwó fún un o.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta ti ń fi páànù tí wọ́n gé iṣẹ́ ọnà sí lára tẹ ẹ̀kọ sórí aṣọ, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Wọn ò kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀kọ ló ń dènà aró, ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí wọ́n bá ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí. Òfin Patents and Designs ti 1970 ò sì sọ pé àfi kó wà nínú ìwé. Ohun tí aráyé bá ti gbọ́ tàbí tí wọ́n ti ń lò ní gbangba, níbikíbi, kì í ṣe tuntun mọ́. Lọ́dún 2003, ilé-ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ sọ, lórí ẹjọ́ oògùn, pé kò dìgbà táwọn èèyàn bá mọ̀ pé nǹkan ọ̀hún wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá ṣe ẹ̀rọ tuntun tó ń tẹ ẹ̀kọ lè gba ìwé lórí ẹ̀rọ rẹ̀, ìyẹn yàtọ̀.

Ìjọba kì í ṣe onídùúró fún ìwé-ẹ̀rí yìí, bẹ́ẹ̀ ó lè lo 20 ọdún. Ẹni tọ́rọ̀ náà bá kàn lè ní kí ilé-ẹjọ́ fagi lé e. Ẹ ṣáà máa tọ́jú àpẹẹrẹ aṣọ, rísíìtì àti fọ́tò yín, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ sí wọn.