Òjò-Dídì ní Ajah

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi tó wà ní Abraham Adésànyà Estate àti agbègbè rẹ̀ ní Ajah bá ń palẹ̀ mọ́ fún ìsinmi, irú iṣẹ́ kan náà ni àwọn ọmọ máa ń gbé wálé nínú àpò ìwé wọn. Bébà pélébé ni, tí a fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, tí a sì ní kí ọmọ kùn: ilé tí òjò-dídì bo òrùlé rẹ̀, ère ènìyàn tí a fi òjò-dídì mọ, tí ó wé ìborùn mọ́ ọrùn, àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù tí ń fa ọkọ̀ tí kò ní ẹsẹ̀, àti bàbá onírùngbọ̀n funfun tí ń gba ojú ihò èéfín wọlé. Ọmọ yóò fi kéréyọ́ọ̀nù pupa kun ẹ̀wù bàbá, yóò fi àwọ̀ ewé kun igi. Òjò-dídì nìkan ni kò ní kùn, nítorí pé bébà ti funfun tẹ́lẹ̀. Olùkọ́ yóò fi bírò pupa sàmì sí i pé ó dára, òbí yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lórí bébà yìí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. Ẹ má ṣe sọ fún mi pé eré ọmọdé lásán ni. Ẹ̀kọ́ ni, ẹ̀kọ́ òdì sì ni. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí a kọ́ ní irú iṣẹ́ yìí ń kọ́ pé ibòmíràn ni ọdún ń gbé, pé ohun tí ojú òun ń rí kò yẹ ní yíyà. Ọyẹ́ ń la á létè, eruku ọyẹ́ bo ọkọ̀ bàbá rẹ̀, igi àgbọn ń mì lẹ́bàá òkun ní Òkun-Ajah, apẹja ń fa àwọ̀n. A kò rí ẹyọ kan nínú gbogbo èyí lórí bébà. A wá ń yà á lẹ́nu nígbà tí ó bá di ọmọ ogún ọdún tí kò fẹ́ ohun méjì ju kí ó sá kúrò nílẹ̀ yìí lọ.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìtàn wò. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, àlùfáà Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní oṣù Kejìlá ni Henry Townsend ti Ìjọ Áńgílíkà náà dé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti jọ ṣe ọdún Kérésìmesì tí a máa ń kà sí àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa. Ní London, ọdún 1843 ni Henry Cole tó ní kí John Callcott Horsley ya káàdì Kérésìmesì àkọ́kọ́ tí a tẹ̀ tà. Ìdílé tí ó gbé ife wáìnì lọ́wọ́ ni ó wà láàárín rẹ̀; kò sí àgbọ̀nrín níbẹ̀ rárá. Bàbá onírùngbọ̀n ńkọ́? Ọdún 1863 ni Thomas Nast bẹ̀rẹ̀ sí yà á sínú ìwé ìròyìn ní Amẹ́ríkà, ọdún 1931 sì ni Haddon Sundblom bẹ̀rẹ̀ sí yà á fún ìpolówó Coca-Cola. Nítorí náà, Kérésìmesì Àgbádárìgì fi ọdún kan ju káàdì lọ, ó fi ọdún 21 ju bàbá Nast lọ, ó sì fi ọdún 89 ju ti Coca-Cola lọ. Kí ló wá dé tí àgbà fi ń wárí fún ọmọdé?

Àwọn kan yóò ní, ṣebí Kérésìmesì fúnra rẹ̀ àjèjì ni, kí ni a wá ń bínú àgbọ̀nrín sí? Mo ti gbọ́ àríyànjiyàn yìí lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé wọn kò rí i pé ìgbàgbọ́ lọ́tọ̀, ẹ̀wù tí a wọ̀ fún un lọ́tọ̀. Mátíù àti Lúùkù ni wọ́n sọ ìtàn ìbí náà. Ọ̀kan sọ ti àwọn amòye, èkejì sọ ti darandaran àti ibùjẹ ẹran. Kò sí èyí tí ó mẹ́nu ba òjò-dídì nínú àwọn méjèèjì. Màlúù àti darandaran kò ṣàjèjì sí ọmọ Ajah. Àwa ni a mú ohun tí ó súnmọ́ ọmọ kúrò, tí a fi ohun tí ó jìnnà rọ́pò rẹ̀.

Kí a má rò pé kò sí ẹni tí ó gbìyànjú rí. Ní ọdún 1947, àwọn àlùfáà Ìjọ Àgùdà dá ilé iṣẹ́-ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, Fádà Kevin Carroll sì wà nídìí rẹ̀. Wọ́n pe Bándélé, ọmọ Aréògún gbajúgbajà agbẹ́gilére ará Òsì. Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá, wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ Màríà, wọ́n gbẹ́ ọmọ, wọ́n gbẹ́ àwọn amòye, gbogbo wọn nínú aṣọ àti ìrísí Yorùbá. Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ, iṣẹ́ náà kò sì bà á lẹ́rù. Ọnà ìdílé rẹ̀ ni ó fi ṣe é. Àwọn àgbàlagbà tí ń gbẹ́ igi mọ ohun tí àwọn olùkọ́ wa tó ní ìwé-ẹ̀rí kò mọ̀.

Olùkọ́ yóò ní àkókò kò sí, owó kò sí, bébà ló rọ̀ jù. Èmi náà fẹ́ràn bébà. Bébà kọ́ ni mo ń bá jà. Ní Banjul, olú ìlú Gáńbíà, bébà ni àwọn ènìyàn fi ń ṣe fanal nígbà Kérésìmesì: wọn a fi igi ṣe egungun ọkọ̀ ojú omi, wọn a gé bébà funfun ní ìgékúgèé ọnà tí ó díjú, wọn a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, wọn a tan iná sínú rẹ̀, wọn a sì fi ìlù gbé e káàkiri àdúgbò lálẹ́. Irú àṣà yìí wà ní Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà pẹ̀lú. Bébà, gọ́ọ̀mù àti sùúrù ni ó ná wọn. Etí ọ̀sà ni Banjul, etí ọ̀sà ni Ajah. Ọkọ̀ ojú omi wo ni ọmọ Ajah kò lè gé?

Ní ti àwa náà, ọwọ́ wa kò fìgbà kan ṣófo. Màrìwò ni àwọn ọmọ fi ń kọ́ àtíbàbà ọdún láyé àtijọ́, tí wọn a jókòó sábẹ́ rẹ̀ máa kọrin. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin a gé ọnà sára páànù, wọn a fi lẹ́ẹ̀ ẹ̀gẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró; adìrẹ ẹlẹ́kọ nìyẹn. Ẹ fún ọmọ ọdún mẹ́fà ní páálí àti sísọ́ọ̀sì tí kò mú jù, ẹ ní kí ó ká a sí méjì, kí ó gé e, kí ó ṣí i wò: ọnà adìrẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó gé e fúnra rẹ̀, kò tẹ̀ lé ìlà tí ẹnìkan tí kò mọ̀ ọ́n ti fà sílẹ̀ dè é. Nínú ìlà ẹlòmíràn ni kíkùn máa ń parí sí, ìyẹn sì ni ẹ̀sùn tí mo ní sí i jù, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ igi àgbọn ni a yà síbẹ̀.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi orúkọ agbẹjọ́rò tó ṣaájú Afẹ́nifẹ́re pe ibi yìí, ọkùnrin Ìjẹ̀bú-Igbó tí wọ́n yìnbọn sí ọkọ̀ rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1997 nítorí pé kò gbà kí a máa fi ìlà ẹlòmíràn dá ayé wa mọ́. Àwọn ọmọ tí ń gbé lábẹ́ orúkọ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí bébà tí kò ní nǹkan kan lára. Kí àwọn òbí béèrè fún un ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ kí oṣù Kọkànlá tó parí, nígbà tí wọn kò tíì tan ẹ̀rọ ẹ̀dà.