Kì í ṣe gbogbo ibà ni taifọ́ọ̀dù

Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, Ẹdẹ ni àwọn onímọ̀ ibùdó ACEGID, ní Yunifásítì Redeemer's, ti tú àbùdá kòkòrò àrùn kòrónà palẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Síbẹ̀, bí ibà bá dá ọmọ Ẹdẹ wó, "ibà àti taifọ́ọ̀dù" ló ń yá olóògùn lẹ́nu. Àyẹ̀wò Widal, tó ti wà láti 1896, tí kò sì tó ẹ̀rí lóun nìkan, ni wọ́n ń gbára lé.

Ìwà yìí lè pa ẹni tí eéwo mú ní ọlọ inú. Àrùn náà ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀, ó sábà máa ń pani; ó sì máa ń dọdẹ àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde. Ibà ò lọ, ìhà òsì ń dun aláìsàn. Abẹ́rẹ́ àbágbà á mú un rọ̀ díẹ̀, ọyún á sì máa kó jọ lábẹ́lẹ̀.

Síkáànù ló ń tú àṣírí eéwo yìí. Dókítà á gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á dúró kí bakitéríà inú rẹ̀ hù, kí wọ́n tó mọ oògùn tó kápá rẹ̀. Oògùn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni, kì í ṣe ti ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ fa ọyún náà, tàbí kí wọ́n yọ ọlọ inú pátápátá (ẹni tí wọ́n yọ tirẹ̀ kò gbọdọ̀ fi abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣeré).

Kò yẹ kí ìjọba Ọ̀ṣun fi ACEGID yangàn, àfi bí mẹ̀kúnnù bá lè rí síkáànù àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yìí nílé ìwòsàn ìjọba l'Ẹdẹ, ní iye tí àpò rẹ̀ ká.