Iṣẹ́ Wo Ni Àwọn Olóṣèlú Ń Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa?

Ẹ̀yin ará wa ní Òtu, ní Ìpàpó, ní Kòmú àti ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, ọ̀rọ̀ tí àwa ní í bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ti ẹni tí ẹ ó dìbò fún. Ti àwọn ọmọ yín tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni, tí àwọn tí ń du ipò máa ń ránṣẹ́ sí nígbà tí ìdìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, pé kí wọ́n wá bá àwọn ṣe iṣẹ́ ìpolongo. Bí irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dé, inú òbí a máa dùn pé ọmọ òun ti di ẹni tí ènìyàn ńlá mọ̀. Àwa kò ní kí inú yín má dùn. Ṣùgbọ́n a fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan: iṣẹ́ wo ni wọ́n ń kọ́ ọmọ náà níbẹ̀?

Ẹ rántí ọdún 2022. Àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Odidi oṣù mẹ́jọ ni àwọn ọmọ wa fi jókòó sílé láìkàwé. Nígbà tí wọ́n ṣì jókòó bẹ́ẹ̀, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, ìpolongo ìbò Ààrẹ àti ti ilé aṣòfin àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún yí padà, ilé-ìwé tún wọlé. Kò pẹ́ tí àjọ NUC fi pàṣẹ pé kí gbogbo yunifásítì wà ní títì láti ọjọ́ 22 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2023 nítorí ìdìbò. Ilẹ̀kùn ilé-ìwé wà ní títì, ilẹ̀kùn olóṣèlú sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọmọ tí ó mọ̀wé, tí kò rí nǹkan ṣe, tí ó ní fóònù lọ́wọ́, tí ó sì mọ gbogbo agbo ilé tí ó wà ní ìlú rẹ̀, ta ni olùdíje ì bá tún wá lọ jù ú lọ?

Àwọn kan ń sọ pé ìṣèlú kò kan akẹ́kọ̀ọ́, pé kí ó gbájú mọ́ ìwé rẹ̀. Àwa kò gbà pẹ̀lú wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀ ní ọdún 1925. Ní ọdún 1944, ìjà àwọn ọmọ ilé-ìwé King's College ní Èkó wà lára ohun tí ó mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pe ìpàdé tí a fi dá NCNC sílẹ̀. Ní ọdún 1960, òmìnira kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ìbàdàn fi kọrí sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó láti tako àdéhùn ológun tí ìjọba wa bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Nígbà tí ó di ọdún 1962, a fagi lé àdéhùn náà. Nítorí náà kò sí àríyànjiyàn lórí bóyá kí akẹ́kọ̀ọ́ bá wọn dá sí i. Ohun tí wọn yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe ni àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀.

Ohun méjì kan ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún méjì, ọ̀kan ní òkè òkun, èkejì nílé wa níbí, tí ó yẹ kí gbogbo òbí gbé yẹ̀ wò. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1964, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó tó bí ẹgbẹ̀rún kan, tí òyìnbó pọ̀ jù nínú wọn, lọ sí ìpínlẹ̀ Mississippi láti ran àwọn ènìyàn dúdú lọ́wọ́ kí wọ́n lè forúkọ sílẹ̀ fún ìbò. A kó wọn jọ, a kọ́ wọn ní iṣẹ́ náà kí wọ́n tó gbéra. Ìwé àti gègé ni wọ́n mú dání bí wọ́n ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn ọ̀tá iṣẹ́ náà pa mẹ́ta nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìpolongo ọ̀hún ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà. Ọ̀kan nínú wọn, Andrew Goodman, akẹ́kọ̀ọ́ ni, ọmọ ogún ọdún ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1965, òfin tí ó dáàbò bo ẹ̀tọ́ ìbò àwọn ènìyàn dúdú náà jáde.

Ní ọdún 1965 yìí kan náà, ní oṣù kẹwàá, a dìbò ní Ìwọ̀-Oòrùn tiwa. Níhìn-ín, epo bẹntiróòlù ni a fi lé àwọn ọ̀dọ́ kan lọ́wọ́. Ilé jó, mọ́tò jó, ènìyàn jó. Àwọn àgbàlagbà tí ó rí i kò gbàgbé ohun tí à ń pè ní wẹ́tíẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn ológun gba ìjọba. Ìwé ìtàn kún fún orúkọ àwọn tí ó rán ni níṣẹ́ nígbà náà. Àwọn ọmọ tí a rán, ta ni ó rántí orúkọ wọn?

A kò sọ pé epo ni olùdíje òde òní ń fi lé ọmọ Òtu lọ́wọ́. Ohun tí ó wọ́pọ̀ kò burú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní èrè kankan. Wọn a ní kí ó lẹ àwòrán mọ́ ògiri, kí ó wọ ẹ̀wù tí a ya ojú ọ̀gá sí, kí ó ya fọ́tò nígbà tí ọ̀gá bá ń bọ àgbà lọ́wọ́, kí ó jókòó ti fóònù rẹ̀ láti bú alátakò lórí Facebook àti WhatsApp. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọn a ní kí ó lọ máa gba káàdì ìdìbò jọ lọ́wọ́ àwọn ìyá arúgbó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé òfin ìdìbò ka ríra àti títà káàdì sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n. Ọ̀gá kò ní bá a ṣe ẹ̀wọ̀n náà.

Ní Ìsẹ́yìn, ọmọ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ òfì kì í jókòó sídìí òfì ní ọjọ́ tí ó dé. Òwú ni yóò kọ́kọ́ máa ká. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé ni ó mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí yóò hun aṣọ fúnra rẹ̀, tí a ó sì ṣe ìdáǹdè fún un. Ọ̀gá tí ó bá fi ọmọ ká òwú fún ọdún márùn-ún, tí kò jẹ́ kí ó fọwọ́ kan òfì, àwọn òbí yóò lọ gba ọmọ wọn. Èwo ni ìdáǹdè iṣẹ́ ìpolongo?

Ohun tí àwa ń bèèrè kò le. Láti ọdún 1973 ni ètò SIWES ti wà, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní ilé iṣẹ́. Gbogbo ẹni tí ó ṣe é ni ó mọ ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń fún ọmọ, tí ó ń kọ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sí, tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ sì ń fọwọ́ sí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá tẹ̀lé olùdíje wá sí Òtu ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá dé ìlú kan, kí ó kọ ohun tí àwọn ará ìlú bèèrè sí ojú ìwé kan: ọ̀nà oko tí ó bàjẹ́, ilé ìwòsàn tí kò ní dókítà, kànga tí ó gbẹ. Ní ojú ìwé kejì, kí ó kọ èsì tí olùdíje fọ̀ ní gbangba. Kí olùdíje fọwọ́ sí i, kí a sì kọ ọjọ́ sí i.

Ẹ wo ìsédò Ìkèrè Gorge. Nígbà ìjọba Alhaji Shehu Shagari ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, pé yóò fún wa ní omi mímu, omi oko àti iná mànàmáná. Ọmọ tí a bí ní ọdún tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ti kọjá ogójì ọdún báyìí. Láti ìgbà náà, mélòó nínú àwọn tí ó wá tọrọ ìbò ní Òkè-Ògùn ni ó ti fi ìsédò yìí ṣe orin kọ? A kò lè kà wọ́n, nítorí pé kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn alágbára nínú ẹgbẹ́ yóò wí pé kò sí olùdíje tí yóò fọwọ́ sí ìwé tí a lè fi mú un lọ́jọ́ iwájú. Bí ó bá kọ̀, ìlú ti mọ ohun kan nípa rẹ̀ kí ìbò tó dé, iṣẹ́ ọmọ náà kò sì já sófo. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ẹgbẹ́, títí kan ẹgbẹ́ tí ìwé ìròyìn yìí ń tì lẹ́yìn.

Iṣẹ́ gidi mìíràn tún wà ní ọjọ́ ìbò. Òfin fi àyè gba ẹgbẹ́ láti ní aṣojú ní ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan. Kí a kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ti ń ṣe é: kí ó mọ iye ènìyàn tí ẹ̀rọ BVAS yẹ̀ wò, kí ó kíyè sí i bóyá ìbò tí a kà pọ̀ jù wọ́n lọ, kí ó sì gba ẹ̀dà ìwé èsì EC8A kí ó tó kúrò níbẹ̀. Èyí nílò ojú tí ó mọ ìṣirò ju ohùn tí ó le lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti bá olùdíje ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ tún lọ gba iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ lọ́wọ́ INEC. Ìbúra pé òun kò ní ṣègbè ni òṣìṣẹ́ INEC ń ṣe, kò sì yẹ kí a mú ọmọ wa búra èké nítorí owó ọjọ́ méjì.

Ní ti owó, nígbà tí òfin ọdún 2022 wà lóde, ó gba ẹni tí ó ń du ipò aṣojú-ṣòfin ní Àbújá láyè nígbà náà láti ná 70 mílíọ̀nù náírà, ó sì gba ẹni tí ó ń lọ sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti ná 30 mílíọ̀nù. Ẹni tí ó lè ná irú owó bẹ́ẹ̀ lè san owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ fún akẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò rẹ̀. Ìrẹsì kóńgò kan kì í ṣe owó iṣẹ́.

Ti àwọn ọmọbìnrin ni ó kù. A mọ̀ pé ìdí tí ọ̀pọ̀ òbí kì í fi í jẹ́ kí ọmọbìnrin wọn bá olóṣèlú ṣiṣẹ́ ni ẹ̀rù ìpàdé òru àti ti ilé ìtura. Ẹ̀rù náà kì í ṣe asán. Síbẹ̀, bí a bá dá gbogbo wọn dúró sílé, àwọn ọmọkùnrin nìkan ni yóò mọ iṣẹ́ yìí. Kí ẹgbẹ́ gba ọ́fíìsì ní Òtu tí ojú gbogbo ènìyàn tó, kí iṣẹ́ parí kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ìyá kan tí ìlú mọ̀ sì máa wà pẹ̀lú wọn. Kí òbí tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ń gbé ọmọ òun lọ béèrè lọ́wọ́ olùdíje fúnra rẹ̀, kí ó sì gba èsì kí ọmọ tó wọ ọkọ̀.