Orúkọ Ìlú Wa Ní Ìtàn



Ọmọ ti ilé-ìwé dé, ó kọ "Ifangni" sí orí ìwé rẹ̀. Ìyá àgbà tó jókòó tì í ní Ìfọ̀nyìn ni òun ń pe ìlú náà. Ọmọ ń ṣe kàyéfì: ṣé ìlú méjì ni? Rárá o, ọ̀kan náà ni. Àwọn Faransé ló fi létà tiwọn kọ ohun tí etí wọn gbọ́. "Gn" ni wọ́n fi ń kọ ohùn tí àwa ń fi "ny" kọ. Ní ti "an" àti "ọn", ohùn kan náà ni wọ́n jẹ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ náà ni Kétu ṣe di "Kétou" nínú ìwé ìjọba.

Àwọn baba wa ní, ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Bí wọ́n ti sọ ìlú lórúkọ náà nìyẹn. Ẹ wo Ìdí-Ìrókò tó kọjú sí Igolo wa: igi ìrókò ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Ẹ wo Ìfọ̀nyìn-Tẹ̀dó ní ìpínlẹ̀ Ògùn: àwọn Ìfọ̀nyìn ló tẹ ibẹ̀ dó. Ní 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà, wọ́n sì fà á gba àárín ọmọ ìyá kọjá. Ṣùgbọ́n ààlà kò pa orúkọ rẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ Ìfọ̀nyìn-Tẹ̀dó yóò mọ̀ pé ará wa ń bẹ lọ́hùn-ún.

Orúkọ mìíràn ní òwe nínú. Àwọn àgbà Kétu ń sọ pé láti inú ìbéèrè ni tiwọn ti wá: ta ló lè tú iké abuké? Kò sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ẹni tó lè tú ìlú wọn. Ogun Dahomey fọ́ Kétu ní 1886, síbẹ̀ ìlú náà tún dìde lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Ìlú mìíràn sì ní ju orúkọ kan lọ. Àjàṣẹ́ ni àwa ń pè é, Hogbonu ni àwọn Gùn ń pè é, àwọn Potogí ló sọ ọ́ ní Porto-Novo, èyíinì ni èbúté tuntun. Kò sí èyí tó parọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, ọ̀pọ̀ ibi ló ní orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Kil". Ilé ìsìn ni ọ̀rọ̀ náà ní èdè Gaelic. Kilbride sì ni ilé ìsìn Brigid Mímọ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù tó ń sọ èdè náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ ń gbé inú orúkọ tí wọn kò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́. Ohun tí à ń bẹ̀rù fún àwọn ọmọ wa nìyẹn.

Nítorí náà, lálẹ́ òní lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bi àgbà ilé léèrè: ta ló sọ àdúgbò wa lórúkọ? Igi ni, odò ni, tàbí ènìyàn? Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Bí àgbà méjì bá sọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n kọ méjèèjì. Kí wọ́n má fi tiwọn kún un.

Àgbà tó wà lónìí lè má sí lọ́la. Ẹ bi í nígbà tó ṣì lè dá wa lóhùn.