Ẹ Jẹ́ Kí Ṣáwá Dàgbà

Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ń yan ẹja ní Chorkor, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rà á lọ́wọ́ wọn káàkiri Accra, ìṣirò kan wà tó yẹ ká jọ ṣe. Bí ẹja ṣe ń gùn ló ń fẹ̀, ló sì ń nípọn. Nítorí náà, ṣáwá tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 16 kì í wúwo ní ìlọ́po méjì èyí tó gùn ní 8; ìlọ́po mẹ́jọ ni, tàbí kó sún mọ́ ọn. Abọ́ ẹja wẹ́wẹ́ kan tí a rà lónìí, abọ́ mẹ́jọ ni ì bá dà ká ní a jẹ́ kó dàgbà. Lóòótọ́, gbogbo wọn kọ́ ni yóò yè, torí ẹja ńlá á jẹ nínú wọn. Àmọ́ bí ìdajì bá tiẹ̀ kú, abọ́ mẹ́rin ṣì ń bẹ.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni ṣáwá ń sanra. Láti oṣù Keje dé oṣù Kẹsàn-án, omi tutù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun Gánà. Ó tún máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn ọdún Kérésì. Omi yìí ló ń gbé ọ̀rá ìsàlẹ̀ òkun wá síbi tí oòrùn ń tàn dé, kí ewéko tíntìntín tí ojú wa ò lè rí lè hù níbẹ̀. Oúnjẹ ṣáwá dé nìyẹn. Ìgbà náà ló ń kún lára, ìgbà náà ló sì ń yé ẹyin jù. Àwọn onímọ̀ a máa fi gígùn àti ìwúwo ẹja wá ipò tó wà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró nídìí ààrò ti mọ̀ ọ́n: ẹja tó yó máa ń kán òróró sínú iná.

Torí ẹyin yìí ni ìjọba ṣe ń ti òkun fúngbà díẹ̀, kí apẹja má pẹja níbẹ̀. Òfin ọdún 2002 ló fún ìjọba lágbára náà. Ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ ti òkun mọ́ àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n. Ọdún 2019 ló kan àwọn ọlọ́kọ̀ igi, láti 15 oṣù Karùn-ún sí 15 oṣù Kẹfà. Kò sí i ní 2020 nítorí Kòrónà. Lẹ́yìn náà, oṣù Keje ni wọ́n ń lò, títí di 2025 tí ìjọba yọ ọlọ́kọ̀ igi kúrò nínú rẹ̀. Mo mọ bí ebi oṣù kan ṣe rí nílé apẹja, síbẹ̀ mi ò yọ̀ sí ìyọ̀ǹda náà. Àwọn ẹ̀yà Gàá, tí kì í pẹja lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ti mọ̀ tipẹ́ pé òkun ń fẹ́ ìsinmi.

Ẹ̀bi bí ṣáwá ṣe ń dín kù kì í sì í ṣe ti ọlọ́kọ̀ igi nìkan. Àwọn ọkọ̀ ńlá ti kó ẹja wẹ́wẹ́ dídì fún ọkọ̀ kékeré lójú agbami, òwò tí wọ́n ń pè ní saiko. Ní 2017, ẹja tó gba ọ̀nà yìí wọlé tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 100,000. Ṣáwá tí wọ́n ń rí pa, tó lé ní tọ́ọ̀nù 100,000 lọ́dún 1992, kò tó 20,000 mọ́ ní 2016.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Àwọn ẹja tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní Keta schoolboys, àgbà ni ọ̀pọ̀ wọn láàárín irú tiwọn. Ẹ rà wọ́n. Imú tiwọn yọ kọjá ẹnu, ti ṣáwá kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣáwá tí kò gùn ju ìka àárín lọ ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, kódà bó bá ń pariwo pé ó pọ̀.

Ọwọ́ àwọn obìnrin tó ń yá ọlọ́kọ̀ lówó epo lagbára wà jù, àti ọwọ́ konkohemaa tó ń dá iye lé ẹja ní etíkun. Òfin ní ojú àwọ̀n tí a bá nà kò gbọdọ̀ kéré sí mìlímítà 25. Kẹ́ ẹ tó ka owó epo sílẹ̀, ẹ mú rúlà, kẹ́ ẹ ní kí ọ̀gá ọkọ̀ tú àwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n.